Ọjọ́ tí Wolé-wolé Sọ Pé Òun Kò Mọ̀

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ kákí wolé-wolé ní Ìṣẹ́yìn, mo rò pé àwọn èèyàn yóò máa yẹ́ mi sí ni. Sòkòtò mi gún régé, bàtà mi ń dán, mo sì di abọ́ funfun tí a fi ń bu omi wò mú bí ẹni tó jẹ oyè tuntun. Bí a ti ń wọ àdúgbò kìíní báyìí ni ọmọ kékeré kan figbe ta: "Wolé-wolé dé o!" Kí n tó ṣẹ́jú, ilẹ̀kùn ti ń pa dé gbàgà-gbàgà, àwọn ìyá ti ń da omi ìkòkò nù, ẹnì kan tilẹ̀ gbé ìkòkò tirẹ̀ sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ọ̀gá mi, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Fọlákẹ́, wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Délé, káàbọ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kí wa nìyẹn."

Iṣẹ́ wolé-wolé ni kí á máa wọ ilé onílé, kí á rí i pé omi mímu mọ́, pé ààtàn kò sún mọ́ ilé, pé tanwíji, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn tó máa ń jó nínú omi, kò sí nínú ìkòkò. Ẹni tí a bá bá tanwíji nílé rẹ̀ lè fojú ba kóòtù. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àwa fúnra wa la ń gbé tanwíji kiri lápò, tí a ń dà á sínú omi ẹni tí a bá fẹ́ fìyà jẹ. Bàbá Fọlákẹ́ kò bá wọn jiyàn. Kó tó ṣí ìkòkò ẹnikẹ́ni, á fa àpò sòkòtò rẹ̀ méjèèjì síta kí onílé rí i, á sì tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀rín a máa pa mí tí mo bá rí àgbàlagbà tí àpò rẹ̀ yọ síta bí etí ewúrẹ́. Lọ́jọ́ kan mo bi í léèrè pé kí ló dé tó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìjọba fún mi ní kákí. Kò lè fún mi ní ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn. Ìyẹn, ọwọ́ wọn ló wà."

Mo ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kí àṣẹ tó dé láti òkè pé kí á fi ìkìlọ̀ nípa sìgá kún iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn láyé ìgbà náà yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Tábà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń gbìn mọ́ iṣu àti ọkà bàbà. Owó tábà ló kan páànù sórí ilé, òun ló ń rán ọmọ níwèé. Bàbá tó bí mi lọ́mọ gbin tábà; èéfín ilé tí wọ́n ti ń fi iná mú ewé rẹ̀ gbẹ ni mo fi dàgbà. Kí irú wa wá dúró láàárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, kí á ní sìgá kò dára, àfi kí èèyàn mọ bí yóò ti sọ ọ́.

Ọ̀gá kan wá láti olú ìlú ìpínlẹ̀ láti fi bí a ó ti ṣe é hàn wá. Ọ̀mọ̀wé ni, ó sì ní ìtara. Mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ó gbà pé ará oko kì í gbọ́ òtítọ́ àfi tí a bá fi ẹ̀rù sí i. Ó máa ń wí pé, "Òtítọ́ lásán kò tà. Ẹ dẹ́rù bà wọ́n!" Bàbá Fọlákẹ́ kàn ń mi orí ni.

Ìpàpó la kọ́kọ́ lọ. Ká sọ tòótọ́, sìgá kọ́ ló wà lọ́kàn Bàbá Fọlákẹ́ jù, èèyi ni. Èèyi ti ń pa ọmọ ní àwọn abà kan lápá ibẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì sì ti ń múra láti wá gún àwọn ọmọdé ìlú lábẹ́rẹ́. Bàbá Fọlákẹ́ ti ń ti ilé dé ilé, ó ń bẹ àwọn ìyá, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń sá fún abẹ́rẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà fún un ni.

Mọ́tò ọ̀gá olú ìlú ti ṣáájú wa dé. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lórí rẹ̀, àwọn èèyàn sì ti pé jọ bìbà sábẹ́ igi níwájú agbo ilé kan. Bàbá arúgbó kan jókòó sínú mọ́tò náà, ó ń wúkọ́. Bàbá Ràímì ni, ará Àgọ́-Àrẹ. Ọ̀gá bá a pàdé nílé ìwòsàn níbẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́ bá àwọn dé Ìpàpó. Bàbá kò béèrè ìdí. Inú rẹ̀ ń dùn pé òun rí mọ́tò ọ̀fẹ́ wọ̀ ni, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nílé ọkọ ní Ìpàpó, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Àwa ò mọ ohun tí ọ̀gá fẹ́ ṣe. Ó sọ̀rọ̀ títí, ó wá fa Bàbá Ràímì jáde, ó gbé e ka orí àpótí kan.

"Ẹ wò ó!" ló pariwo. "Ẹ gbọ́ ikọ́ rẹ̀! Sìgá ló sọ ọ́ dà báyìí. Páálí kan lójúmọ́, láti ìgbà èwe rẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá ń mu ún yóò ṣe dà!"

Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àna wa, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ìrìn o! Ilé ńkọ́?" Ọ̀gá kò mọ̀ pé iwájú agbo ilé ọkọ ọmọ Bàbá Ràímì gan-an ni òun gbé e wá.

Ìyá Làmídì, ìyá ọkọ ọmọ Bàbá Ràímì, dìde. Obìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni. Ó ní, "Àna mi, ẹ má bínú o. Ṣé sìgá lẹ̀ ń mu ni? Nígbà tí a ṣe ìwádìí yín kí á tó wá tọrọ ọmọ, wọ́n ní ẹ ò fín áṣáà pàápàá."

Nílẹ̀ wa, ìwádìí kì í ṣe ohun eré. Kí ìdílé kan tó fẹ́ ọmọ ìdílé kejì, wọn á wádìí ìwà, wọn á wádìí àìsàn, ẹni tó bá parọ́ níbẹ̀ ti ba ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́. Bí Bàbá Ràímì bá ní òun ń mu sìgá, àwọn èèyàn rẹ̀ ló parọ́. Bó bá ní òun kì í mu ún, ìjọba ló parọ́. Bàbá wo ọ̀gá, ó wo àna rẹ̀, ó tún wúkọ́.

"Àna mi, mi ò fẹnu kan sìgá rí láyé mi. Ikọ́ ọyẹ́ ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí n wá ni mo bá wọn wá. Ọmọ tuntun ni mo wá wò."

Ẹ̀rín bú sáyé. Akànní, àgbẹ̀ kan tó ti fi sìgá há etí láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, fà á yọ, ó ṣáná sí i, ó tu èéfín sókè fìì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀rín yẹn kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ tí obìnrin kan tó pọn ọmọ sọ bó ti ń lọ. Ó ní, "Àwọn yìí kan náà ló ní abẹ́rẹ́ èèyi dára."

Ọ̀rọ̀ náà sì ṣẹ. Lọ́jọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì dé, wọ́n tẹ́ tábìlì, wọ́n se abẹ́rẹ́ lómi gbígbóná, a jókòó títí oòrùn fi kan àtàrí. Àwọn ọmọdé ń sáré kiri lójú wa, àwọn ìyá wọn ń kí wa tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yà. Bàbá Fọlákẹ́ ń wo àwọn ọmọ náà, ó káwọ́ lérí. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí, ó bà mí nínú jẹ́ gidigidi. Àwọn nọ́ọ̀sì ní àwọn yóò tún padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ọmọ ò bá wá nígbà náà, ìlú mìíràn ni àwọn yóò kó abẹ́rẹ́ lọ.

Ọ̀gá ti padà sí olú ìlú. Ó ránṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ Bàbá Ràímì kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu wa mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kí á ní arúgbó ni, ó ti gbàgbé. Ẹni tó bá lọ sọ ní gbangba pé ìjọba parọ́, kó mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì ara rẹ̀ ló fi ń ṣeré. Bàbá Fọlákẹ́ kò ní pẹ́ fẹ̀yìntì nígbà náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn.

Ó ní, "Délé, bí èèyi bá wọ Ìpàpó, ṣé owó ìfẹ̀yìntì mi ló máa gba àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀?"

Àgọ́-Àrẹ la kọ́kọ́ lọ. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá Ràímì, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó tún bá wa dé ọ̀dọ̀ àna rẹ̀. Bàbá ní kò burú, òun ò tíì gbé ọmọ tuntun náà tẹ́rùn. Nígbà tí a dé Ìpàpó, a ránṣẹ́ pe àwọn èèyàn sábẹ́ igi kan náà. Wọ́n wá, ọ̀pọ̀ wọn torí àtirẹ́rìn-ín. Bàbá Fọlákẹ́ kò gun orí nǹkan kan.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí, "irọ́ la pa fún yín. Àna yín kò mu sìgá rí. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà la jọ ń jẹ́, ẹ̀bi náà kàn mí. Ẹ forí jì wá."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, tòun ti kákí ìjọba lọ́rùn. Àwọn tó wá rẹ́rìn-ín kò rí i rín. Àwọn àgbà ní kó dìde, kó dìde. Ó dìde.

"Ó wá ku òtítọ́. Sìgá ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń mu ún ló ń pa. Ẹ̀yin náà mọ àgbàlagbà tó mu ún tó sì pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń pa."

Akànní na ọwọ́ sókè. "Èmi ńkọ́? Ṣé yóò pa mí?"

"Akànní, mi ò mọ̀."

"Tábà tí à ń gbìn yìí ńkọ́?"

"Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe sìgá."

"Kí la ó wá máa gbìn?"

"Ìyẹn náà, mi ò mọ̀. Bí mo bá ní mo mọ̀ ọ́n, irọ́ kejì nìyẹn."

Akànní bá kọjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, mo mọ bàbá ẹ. Kí ló rán ẹ níwèé?"

"Tábà ni," mo dáhùn. "Òun náà ló rán mi níwèé tí mo fi mọ̀ pé kò dára."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ọjọ́ náà kò korò. Ìyá Làmídì ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bi Bàbá Fọlákẹ́ pé, "Abẹ́rẹ́ yín yẹn, ṣé kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan kan?"

"Ìyá, ara ọmọ lè gbóná díẹ̀, á sì sunkún. Ọmọ kan lè gbà á kí èèyi ṣì mú un. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà dára, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ tèmi ti gbà á."

Ìyá Làmídì wo àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́. Ẹni tó lè sọ pé òun ò mọ̀, bó bá ní òun mọ̀, n ó gbà á gbọ́." Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì padà dé, òun ló kọ́kọ́ yọ, ó pọn ẹ̀gbọ́n ọmọ tuntun náà sẹ́yìn, àwọn obìnrin agbo ilé tẹ̀lé e, ìlà náà sì gùn dé ojú títì.

Mi ò ní sọ pé èèyi kò mú ọmọ kankan ní Ìpàpó lọ́dún náà. Ó mú, ó sì pa. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ọmọ kan tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá ọmọ lónìí, wọ́n ń kí mi lọ́nà láìmọ ìdí tí inú mi fi ń dùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá ìgbéga Bàbá Fọlákẹ́ dúró nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, ipò tó wà náà ló ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ jù pé òun ni wọ́n fi mí tì nígbà tí mo wọṣẹ́. Ká ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń dẹ́rù bani ni mo ti kọ́ṣẹ́ ni, èmi náà ì bá ti máa dẹ́rù bani.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì, mo pàdé Akànní lọ́jà Ìṣẹ́yìn. Ó ní, "Wolé-wolé, mo ti ń jáwọ́ nínú sìgá o." Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ẹni ìjọ́sí ní gbogbo wa la máa dà bí àna Ìyá Làmídì. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo fi rẹ́rìn-ín, mo gbàgbé ẹ̀. Ọ̀gá ẹ wá ní òun ò mọ̀ bóyá yóò pa mí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ṣáná sí i, ohun tí ọkàn mi ń sọ ni pé, bóyá èmi ni."

Ara mi kò gbà á. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ṣakí, níbi tí Bàbá Fọlákẹ́ kọ́ ilé sí. Mo bá a lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò tíì kí i tán tí mo fi sọ pé, "Ọ̀gá, Akànní ti fi sìgá sílẹ̀!"

Ó dìde jókòó dáadáa. "Pátápátá?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Rárá, sà. Ó ní òun ṣì ń mu ẹyọ kan lọ́jọ́ ọjà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

"O ṣeun, Délé," ló wí. "Ọkàn mi balẹ̀ wàyí. Mo lè wá fẹ̀yìntì ní tòótọ́."