Kabúrétọ̀ Tí Bàbá Mi Fi Ṣe Èènì

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá ní Àkrà níbí, èmi ni ojú tí bàbá mi fi ń kàwé. Bàbá mi mọ Kùránì í kà, ó gbọ́ Háúsá, ó gbọ́ Gã, ó sì lè fi èdè Twi bá ènìyàn jà títí onítọ̀hún yóò fi bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Kaneshie, nítòsí ibùdókọ̀ àwọn bọ́ọ̀sì akérò tí a ń pè ní tírótíró, níbi tó ti ń ta àlòkù ẹ̀yà ara ọkọ̀ láti òkè òkun. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, n ó jókòó sórí àgbá òróró, n ó máa ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí fún un.

Lọ́jọ́ kan ni ẹrù kabúrétọ̀ wọlé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí i rí. Òun ni ó máa ń po afẹ́fẹ́ àti pẹtiróòlù pọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó fà á mu. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ti ọkọ̀ eré ìje, wọ́n tóbi, wọ́n ń dán. Nọ́mbà wà lára ìkọ̀ọ̀kan, ìwé pélébé kan sì wà nínú páálí. Mo ka ìwé náà tán, kò sẹ́ni tó rán mi, ìwé kíkà ló ń dùn mọ́ mi. Ó ní nọ́mbà yẹn kì í ṣe agbára o. Iye afẹ́fẹ́ tó lè gba ọ̀fun kabúrétọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ni. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló máa sọ iye tí òun fẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe tóbi tó àti bó ṣe ń yí kíákíá tó. Bí ọ̀fun bá há jù, ẹ́ńjìnnì ńlá kò ní rí èémí tó bó bá ń sáré. Bó bá sì fẹ̀ jù fún ẹ́ńjìnnì kékeré, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tó fẹ̀ jù fa omi ni. Afẹ́fẹ́ á máa rọra kọjá, kò ní lágbára láti fa epo, ọkọ̀ á sì kọ́sẹ̀ bí awakọ̀ bá tẹná lójijì.

Bàbá mi kò béèrè ìyẹn. Nọ́mbà nìkan ló béèrè, ó sì tò wọ́n sórí pẹpẹ, èyí tí tirẹ̀ pọ̀ jù lókè pátápátá.

Ọkùnrin kan wà tí a jọ ń gbé ilé kan náà ní Adabraka, ọmọ ìlú bàbá mi ni, takisí kékeré kan ló ń wà. Bàbá Onítakisí là ń pè é. Bí òjò bá ń rọ̀, òun ló máa ń kó àwa ọmọ ilé yẹn lọ sílé kéwú lọ́fẹ̀ẹ́. Kabúrétọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi mú èyí tó bá takisí mu, tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ igba. Wọ́n ná an, wọ́n gbà. Ni ọkùnrin náà bá rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, èènì mi ńkọ́? Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ kẹ́ńkè pàápàá ń fi ata kún tiwa.”

Ẹ mọ̀ wá, a kì í jẹ́ kí ọmọ ìlú ẹni kúrò nídìí ọjà láìsí èènì. Ká ní gààrí ni, ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó. Kí lèèyàn fẹ́ bù sórí kabúrétọ̀? Bàbá mi rò ó títí, ó wá kọjú sí mi.

“Èwo ni nọ́mbà rẹ̀ pọ̀ jù?”

“Èyí tó wà lókè yẹn, bàbá. Irinwó ni.”

“Ìlọ́po méjì nìyẹn. Gbé e fún wọn. Owó èyí tó kéré náà ni kí wọ́n san.”

Mo ní, “Bàbá, ìwé inú páálí sọ pé...”

“Àgbà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.”

Kò pariwo. Àwọn oníbàárà tó kù kọjú sí mi, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú. Gbogbo ohun tí mo ṣe kò ju ìyẹn lọ.

Fítà, ìyẹn ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe, gé irin pẹlẹbẹ kan, ó fi de kabúrétọ̀ ńlá náà mọ́ ẹ́ńjìnnì. Lọ́nà etí òkun tó já geere, takisí yẹn ń fò, onítakisí sì ń yin bàbá mi káàkiri. Ṣùgbọ́n bó bá dúró tó sì fẹ́ gbéra, á kọ́kọ́ húkọ́, á fẹ́ kú, kó tó lọ. Fítà ní epo ló dọ̀tí. Ó tú kabúrétọ̀ náà, ó fọ̀ ọ́ lójú mi nínú àgbàlá wa. Ìwé pélébé yẹn wà nínú àpò ilé-ìwé mi. Mo rò ó pé bí mo bá mú un jáde, ohun tí wọn yóò sọ ni pé bàbá mi ta ohun tí kò dáa fún ọmọ ìlú rẹ̀, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló sì tú u fó. Mo fi ìwé náà sílẹ̀ nínú àpò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Onítakisí fẹ́ gba oríta kan kọjá ní Kaneshie. Lọ́rì kan ń bọ̀ lókèèrè, àyè sì wà. Ó tẹná. Ọkọ̀ kọ́sẹ̀ láàárín títì, lọ́rì bá a níbẹ̀. Kò gbé èrò, òun náà kò sì kú, ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ní ọsibítù.

Bàbá mi mú mi dání lọ kí i. Ó sunkún, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí.

“Àbúrò, ohun tó lágbára ni mo fún ọ. Ṣé o sùn lọ ni?”

Ọkùnrin náà tẹrí ba. “Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ mi ló jẹ̀bi.”

Èmi ni mo gbé abọ́ kókó, ìyẹn ẹ̀kọ gbígbóná, dúró láàárín wọn. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí, mo kàn na abọ́ náà sí i. Títí di òní, bí mo bá rántí orí tó tẹ̀ ba yẹn, inú mi máa ń bàjẹ́.

Nígbà tó yá, ó ń ta bátìrì àti ṣúgà létí títì ní Lapaz. Bí àwọn awakọ̀ kéékèèké bá kí i, á fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n gé hàn wọ́n, á ní, “Ẹ wo ohun tí àìfarabalẹ̀ ṣe fún mi.” Bàbá mi kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ohun rere lòun ṣe fún un. Èmi ni mo jogún ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí bàbá mi wà láyé, mo ń sọ pé nítorí tirẹ̀ ni mi ò fi lè sọ̀rọ̀. Nígbà tó kú, mo wá àwáwí mìíràn, mi ò sì wá a tì.

Ayé ti yí padà. Kọ̀ǹpútà ló ń wọn afẹ́fẹ́ fún mọ́tò báyìí. Àwọn ọmọ náà ti yí padà. Láìpẹ́ yìí ni ọmọ-ọmọ mi dúró níwájú oníbàárà, tó wo fóònù rẹ̀, tó fi èdè Twi ní, “Nana, ẹnyẹ saa,” ìyẹn ni pé àgbà, kì í ṣe bí mo ṣe wí. Àwọn aládùúgbò ní ọmọ òde òní kò lẹ́kọ̀ọ́. Mi ò bá wọn dá sí i. Mo yẹ ọjà náà wò, ọmọ náà ló jàre.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Bàbá Onítakisí kú. Wọ́n kírun sí i lára níwájú ilé rẹ̀, ìmáàmù sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ forí jì í. Gbogbo wa dáhùn pé a ti forí jì í. Èmi náà la ẹnu mi, mo ní mo ti forí jì í.

Ọmọ-ọmọ mi rọra bi mí pé, “Nana, kí ni Bàbá Onítakisí fi ṣẹ̀ yín?” Láyé tiwa, ta ni yóò bi àgbà nírú ìyẹn? Mo fà á jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìgbà tó yẹ kí n sọ ọ́, fún ọmọ tí kò ní agbára láti forí jì mí.