Okùn Pópó Tansey

Aago mẹ́wàá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kò sì tíì sí okùn lẹ́nu Pópó Tansey. Odessa Pettway ló máa ń so ó. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni obìnrin yìí ti ń fi okùn dí àdúgbò wọn ní Filadẹ́fíà lójoojúmọ́ ìgbà ooru, kí mọ́tò má baà wọlé, kí àwọn ọmọ lè rí ibi sáré. Òun náà ló ń pín oúnjẹ ọ̀sán tí ìjọba ìlú ń gbé wá fún wọn, òun ló sì ń dúró ti ẹ̀rọ omi àwọn panápaná tí wọ́n fi ń tu ara. Ó máa ń di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kó tó tú okùn.

Ṣùgbọ́n lónìí, ó jókòó sẹ́yìn fèrèsé, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí àpótí. Orúnkún rẹ̀ wú. Ó ti rẹ̀ ẹ́, irú èyí tí oorun kì í lé lọ. Lucinda, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Kàrólínà ti Gúúsù, ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran mọ́, ọdọọdún ló sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá lo ìgbà ooru lọ́dọ̀ òun kí ojú òun tó fọ́ tán. Ọdọọdún ni Odessa ń dáhùn pé, "Ta ni yóò so okùn?" Àná ló wá fi ìbínú ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ọjọ́ Sátidé. Ó fẹ́ fi òní wò ó bóyá ẹnikẹ́ni á dìde láti so okùn.

Ẹnikẹ́ni ò dìde. Àwọn ọmọ tò sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n ń làágùn, torí òfin rẹ̀ ni pé kí ẹsẹ̀ ọmọ kankan má kan títì kí okùn tó wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sára, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn rẹ̀. Mọ́tò kan já wọlé, ó sì sáré kọjá fìì. Inú bí Odessa gidigidi. Ó tiro jáde, ó já okùn lára ìṣó tó máa ń fi í kọ́ sí lára ògiri ìta.

"Ẹ̀yin ọ̀lẹ wọ̀nyí! Ṣé ó dìgbà tí mọ́tò bá gbá ọmọ kí ẹ tó dìde ni?"

Roscoe Lyles, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ṣí fìlà. "Mísì Odessa, ẹ káàárọ̀ ná. A rò pé ẹ ò tíì jí ni."

"Aago márùn-ún ni mo ti jí! Ọwọ́ ẹ ńkọ́, Roscoe? Ṣé ó rọ ni?"

"Ọwọ́ mi ò rọ o. Ta ló tó bẹ́ẹ̀, tó máa fọwọ́ kan okùn yín?"

"Okùn mi kẹ̀? Ṣé bàbá mi ló fi í jogún fún mi ni?"

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Carmen Batista, ìyá ìbejì tó ń gbé nílé igun, ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Mísì, ọdún tí mo kó débí, ẹ pẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo bá yín so ó. Ẹ jáde, ẹ ò bá mi sọ nǹkan kan. Ẹ tú u, ẹ tún un so. Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́ látọjọ́ náà."

Odessa la ẹnu láti sọ pé irọ́ ni, àmọ́ ó rántí. Kókó náà dẹ̀, ó tún un ta, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ kà á sí. Ojú tì í gidi. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá ló ti ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ nínú ọkàn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì lé wọn kúrò nídìí okùn náà.

"Má bínú, Carmen," ó ní. Ó na okùn sí i. "Mò ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Sátidé. Wá so ó."

Carmen lọ́ okùn mọ́ òpó iná ẹnu pópó, ó ta á ní kókó kan ṣoṣo. Roscoe gbé àga méjì wá, ó fi dí ẹnu pópó náà. Síbẹ̀, àárín okùn ṣì wọ́lẹ̀. Kókó náà burú jáì. Odessa ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

"Ṣé ó dáa báyìí, Mísì?"

"Ó dáa," ni Odessa wí, ó sì tètè kọjú síbòmíràn.