Bàbá Má-fà-á, Ẹni Tó Ń Ká Kápẹ́ẹ̀tì Jẹ́jẹ́

Bàbá rẹ̀ àgbà hun ẹní títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi le bí èèpo igi. Bàbá rẹ̀ rán tìmùtìmù, ó sì fi abẹ́rẹ́ náà tọ́ ọmọ mẹ́fà. Nígbà tí yóò fi kan òun, ayé ti kúrò lórí ẹní, ó ti bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Òun náà sì bá ayé lọ.

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó ká kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ tún ilé ṣe, kí ó gbé e sá fún eruku sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà, kí ó sì tún un tẹ́ bí iṣẹ́ bá parí. Àwọn mìíràn a máa da ọ̀rá bò ó lásán. Òun kì í gbà. A máa ní, “Ohun tí ẹ bá fi ọ̀rá dì mọ́lẹ̀, ọ̀rinrin ni yóò jẹ ẹ́.” Bí ó bá sì rí birikilà tó ń wọ́ kápẹ́ẹ̀tì létí, igbe ló ń bọ̀ yẹn: “Má fà á! Ṣé ewúrẹ́ ni?” Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Bàbá Má-fà-á nìyẹn, débi pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ mú un rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún kan, wọ́n ránṣẹ́ pè é sí ilé ìyá kan, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Àjà yàrá rẹ̀ ń jò, wọ́n fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ìyá náà kò ríran mọ́, síbẹ̀ kì í mú ọ̀pá nínú yàrá yìí, nítorí ogún ọdún ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fi la ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sára kápẹ́ẹ̀tì, láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọkùnrin rẹ̀ fẹ́ ra tuntun. Ìyá kọ̀ jálẹ̀: “Tuntun kò mọ̀ mí.” Ó wá kọjú sí oníṣẹ́: “Ojú mi ni ẹ ń ká lọ yẹn o.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Bí mo ṣe gbé e náà ni n ó ṣe dá a padà.”

Ó fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tú gọ́ọ̀mù etí rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sẹ́yìn apá tó kọjú sí fèrèsé, ó ká a, ó sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níbẹ̀ ni omi korobá birikilà ti dà sí i, tí àmì sì parẹ́. Yàrá náà gùn bí ó ṣe fẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni kápẹ́ẹ̀tì lè gbà tẹ́ sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí, Bàbá Má-fà-á kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gbẹ́kẹ̀ lé ojú ara rẹ̀, ó tẹ́ ẹ.

Ìyá dìde lórí ibùsùn, ó gbé ẹsẹ̀ méjì, ó tàsé, díẹ̀ ló kù kó ṣubú lu kọ́bọ́ọ̀dù.

“Ta ló yí ilé mi padà?”

“Màmá, kápẹ́ẹ̀tì mà ni,” ni ọmọ rẹ̀ wí. “Kò lórí, kò nídìí.”

“Ó lórí. Ìwọ ni kò dá mi lójú.”

Bàbá Má-fà-á kúnlẹ̀. “Ẹ̀bi mi ni, Màmá. Omi pa àmì mi rẹ́, ìgbéraga kò sì jẹ́ kí n bi yín.” Ó bọ́ bàtà, ó fa fìlà bojú, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ibi tí irun kápẹ́ẹ̀tì ti jẹ.

“Ẹ yà sápá òsì,” ni ìyá ń wí, ẹ̀rín sì ti ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ̀yin tí ẹ lójú, kí lẹ ń táràrà fún?”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé ibùsùn jáde, tí wọ́n yí kápẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n tún gbé ibùsùn wọlé. Lẹ́yìn ìkẹta, ìyá rìn tààrà dé ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú láìwá a kiri.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá Má-fà-á kì í ká kápẹ́ẹ̀tì láìkọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí rẹ̀, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ onílé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń gbà. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí. Kò kọ́ ilé ńlá, kò sì joyè. Ṣùgbọ́n ìyá olùkọ́ lo ọdún mẹ́jọ sí i nínú yàrá yẹn láìmú ọ̀pá, kò sì ṣubú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fún ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, èyí kì í ṣe ohun kékeré.