Abẹ́rẹ́ tí Mélida Fi Romu Nù

Àpá èékánná adìyẹ ló kún ọwọ́ Mélida Ureña méjèèjì, láti orí ìka títí dé ìgúnpá. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń gún adìyẹ lábẹ́rẹ́ lóko ọ̀gá rẹ̀, Don Ulises, lẹ́yìn ìlú Moca, kò sì sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà bíi tirẹ̀. Bí adìyẹ kan bá ń ṣàìsàn tí kò lè yè mọ́, òun ni wọ́n ń pè. Á di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lọ́wọ́ òsì, á fi ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún há orí rẹ̀, á fà á sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì tẹ orí náà sẹ́yìn. Àwọn kan máa ń sọ pé ńṣe ló ń lọ́ wọn lọ́rùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lọ́ ọrùn adìyẹ ń fìyà jẹ ẹ́ lásán ni. Fífà ni wọ́n ń fà á. Egungun á dún ṣàkà, ó parí. Mélida ti gbá òṣìṣẹ́ kan létí rí nítorí pé ó la orí adìyẹ mọ́ òpó dípò kó fà á bó ṣe yẹ.

Òfin méjì ló le jù lóko náà. Àkọ́kọ́ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ sin ẹyẹ kankan nílé, ì báà ṣe ẹyẹlé. Ìkejì ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ se gbogbo abẹ́rẹ́ nínú omi híhó láàárọ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ ẹnu abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta adìyẹ. Mélida kò fi òfin kejì ṣeré. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń rú ti àkọ́kọ́, nítorí Fremio àbúrò rẹ̀ ń gbé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, àkùkọ ìjà méje sì ni Fremio ń sìn. Kò sí ará àdúgbò tó máa tú àṣírí rẹ̀. Lágbègbè yẹn, ọkùnrin tí kò ní àkùkọ dà bí ọkùnrin tó jáde láìwọ ṣòkòtò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan, àkùkọ Fremio tó ń jẹ́ Candela wọ pápá ìjà. Àkùkọ funfun kan láti ìlú Salcedo ló bá pàdé. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ̀gún ẹsẹ̀ àkùkọ funfun náà, èékánná ṣóńṣó tó hù lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, fi wọ ojú òsì Candela, tí ojú náà sì fọ́ bí ẹyin. Ẹ̀jẹ̀ di í lọ́fun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó fẹ́ rì sómi. Fremio gbé e, ó ki gbogbo orí rẹ̀ bọnu, ó fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde, ó tu ú sílẹ̀, ó mu romu, ọtí líle, kún ẹnu, ó sì fẹ́ ẹ sí egbò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àkùkọ níbẹ̀ nìyẹn, láyé bàbá wọn àti bàbá bàbá wọn. Candela padà wọlé pẹ̀lú ojú kan, ó gun ẹ̀yìn àkùkọ funfun, ó sì ń fi ẹ̀gún ẹsẹ̀ gún un lágbárí títí tí kò fi mira mọ́. Àwọn èrò pariwo títí ohùn wọn fi há.

Ọ̀dọ̀ Mélida ni Fremio gbé e wá tààrà, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Mélida rán egbò ọrùn, ó gé ohun tó kù nínú ojú náà dànù. Nígbà tó fọwọ́ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àkùkọ náà, ọyún yọ jáde, ó pọ́n, ó sì le bíi wàràkàṣì tó ti gbẹ.

“Láti ìgbà wo lẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí ti wú?”

“Àná.”

“Irọ́ lò ń pa. Ọyún yìí ti lé lọ́sẹ̀ kan.”

“Ṣebí o ti mọ̀, kí lo wá ń bi mí sí? Gún un lábẹ́rẹ́ jàre, ìyá dókítà.”

Ó yẹ kí Mélida dúró níbẹ̀ kó ronú. Ọyún tó bá le báyẹn kì í ṣe ti ìjà, ti àrùn ni. Ṣùgbọ́n Candela ń gbọ̀n lórí itan rẹ̀, Fremio sì ń wò ó bí ẹni tó gbé ọmọ wá sílé ìwòsàn. Ó yọ abẹ́rẹ́ irin tí wọ́n ń tẹ̀ bí ìbọn, èyí tó fi sápò kúrò lóko ní ọjọ́ Saturday, ó fa oògùn sínú rẹ̀, ó sì gún àkùkọ náà ní àyà àti ní ẹ̀bá ibi tó wú. Ẹ̀jẹ̀ àti ọyún fà wọnú abẹ́rẹ́ díẹ̀. Ó da romu sí aṣọ, ó fi nù ún, ó tún da díẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì mì ín. Ohun gbogbo ni bàbá wọn máa ń fi romu nù: ọ̀bẹ, egbò, àti ẹnu ọmọdé tó bá bú àgbà. Romu dára fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò àrùn tó ti fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ dídì nínú abẹ́rẹ́. Omi híhó ló ń pa á. Mélida mọ èyí. Òun ló ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Monday. Dieusel, ọmọ Haiti tó ń bá a di adìyẹ mú, tó sì tún ń se abẹ́rẹ́, ti da omi gbígbóná nù.

“Doña Mélida, abẹ́rẹ́ kan ò sí nílẹ̀.”

Mélida yọ ọ́ nínú àpò rẹ̀. “Ó ti mọ́. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.”

Dieusel wo abẹ́rẹ́ náà, ó wo ojú rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e. Obìnrin yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́. Wọ́n wọ ilé adìyẹ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀wọ́ àgò tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Dieusel á fa adìyẹ jáde, á na àyà rẹ̀ síwájú, Mélida á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di inú àgò padà. Títí di ọ̀sán, ilé kejì látòkè délẹ̀ ti gba àjẹsára.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Wednesday, òkú ló kí wọn káàbọ̀. Ọ̀wọ́ ẹnu ọ̀nà ti kún fún adìyẹ tó ti le gbagidi. Ogbe wọn ti dúdú bí ẹ̀dọ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, ìgbẹ́ wọn sì ṣe àwọ̀ ewé. Àwọn tó wà láàyè ń tẹ àwọn òkú mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń ṣá wọn lójú jẹ. Wọ́n ránṣẹ́ sí Dókítà Bencosme, oníṣègùn ẹran. Ó ní kí Mélida ṣí mẹ́wàá fún òun. Mélida fi ọ̀bẹ la ikùn wọn: ẹ̀dọ̀ wú, àmì funfun tíntìntín sì bò ó bí ẹni tó wọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo sí i, ẹ̀jẹ̀ ti ṣe tóótòòtó lára ọ̀rá ọkàn. Dókítà ní onígbáméjì adìyẹ ni. Ó sọ ọ́ fún wọn kedere pé kì í ṣe onígbáméjì tí ń ṣe ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa wá máa tan ìròyìn èké ká ìlú. Orúkọ nìkan ló dọ́gba. Kòkòrò wọn yàtọ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní kí Mélida gé àyà wọn. Ibi tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé ti jẹrà nínú adìyẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bencosme rìn láti ẹnu ọ̀nà dé òpin ilé, ó ń wo àgò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe tò wọ́n gún ní ọjọ́ Monday ni wọ́n ń tò kú. Ó ní abẹ́rẹ́ ló gbé e wọlé.

“Ta ló ń se abẹ́rẹ́ lóko yìí?” Don Ulises ló béèrè.

“Dieusel ni,” Mélida dáhùn.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, irọ́ sì ni. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló burú jù, nítorí ẹni tó sọ ọ́ lè máa tan ara rẹ̀ jẹ pé òun ò purọ́. Ohun tó wà lọ́kàn Mélida lásìkò yẹn kò ju ọ̀kan lọ: bó bá sọ ti Candela, ọdún mọ́kàndínlógún ti lọ.

Ìbínú Don Ulises kì í ṣe kékeré. Ó ní kí ọkùnrin méjì fa Dieusel jáde síwájú ilé oúnjẹ adìyẹ, ó yọ igi kúrò lára ṣọ́bìrì, ó sì nà án lẹ́yìn kó tó bi í léèrè ohunkóhun. Dieusel ṣubú lórí eékún. Wọ́n gbé e dìde. Ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ẹnu rẹ̀ jáde, nítorí ó ti gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ.

“Don, mo sè wọ́n. Gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ ni mo sè. Ọ̀kan yẹn, inú àpò Doña Mélida ló ti jáde. Láti ilé ni wọ́n ti mú un wá.”

Don Ulises yíjú. “Mélida, ṣé òótọ́ lọkùnrin yìí ń sọ?”

Mélida ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, níbi tí ẹ̀jẹ̀ adìyẹ ti gbẹ sí. Ó ń fi èékánná họ ọ́ kúrò. Igi balẹ̀ lórí èjìká Dieusel, ó tún balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó dúró yíká ń sọ pé kó fún un dáadáa, pé ọ̀lẹ ni, pé wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Lára wọn ni ẹni tí Dieusel bá gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn ní oṣù tó kọjá.

“Mo ní, ṣé òótọ́ ló ń sọ?”

“Mi ò mọ ohun tó ń sọ, Don.”

Dieusel gbé apá sókè láti fi bo orí. Igi náà bá a ní àárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́, egungun sì dún ṣàkà. Kò sí ẹni tó mọ ìró yẹn lóko náà bí Mélida. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ló ti gbọ́ ọ láàárín ìka tirẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e kó tó mọ̀. Ó wà láàárín wọn, ó fi ara dí Dieusel, igi tó tẹ̀ lé e sì bá òun ní ọrùn.

“Èmi ni,” ó wí. “Àkùkọ Fremio ni mo fi gún. Mi ò sè é. Romu ni mo fi nù ún.”

Bencosme gba igi lọ́wọ́ Don Ulises. Don kò wo apá Dieusel tó rọ̀ dirodiro. Ó ní kí Mélida lọ pa àwọn ẹyẹ ilé rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kó sì padà wá pa àwọn adìyẹ tó kó àrùn bá, lẹ́yìn náà kó má tẹ ilẹ̀ òun mọ́.

Dókítà ló bá a lọ sílé. Fremio dúró lẹ́nu àgò àwọn àkùkọ pẹ̀lú àdá. Dókítà ṣàlàyé fún un pé Candela lè yè, ṣùgbọ́n àrùn náà á máa gbé nínú imú rẹ̀, á máa pa adìyẹ tó bá mumi tẹ̀ lé e. Fremio ní kí dókítà lọ máa kọ́ ìyá rẹ̀ ní ìwé.

“Tó o bá fọwọ́ kàn án, Mélida, màá gé ọwọ́ náà.”

“Gé e,” Mélida ní. Ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ àdá ni Fremio fi gbá a lápá, ṣùgbọ́n ó ya awọ ara rẹ̀. Mélida ti gbá Candela mú. Ọrùn àkùkọ ìjà kì í ṣe ọrùn adìyẹ ẹlẹ́yin. Iṣan ló kún un. Ó fà á, kò já. Candela fi ẹ̀gún ẹsẹ̀ ya inú ọwọ́ rẹ̀ dé egungun. Ó tún fà á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó já. Fremio ju àdá sílẹ̀, ó gbá a lẹ́nu pẹ̀lú ìkúùkù, eyín kan sì jáde. Ó ń sunkún bó ti ń lù ú. Dókítà dì í mú mọ́ ògiri nígbà tí Mélida ń fa ọrùn mẹ́fà tó kù. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn ni Fremio di ẹrù rẹ̀, ó sì fi ilé náà sílẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni Mélida àti ọkùnrin mẹ́rin fi pa ilé kejì tán, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin adìyẹ, àti èyí tó ń ṣàìsàn àti èyí tí ara rẹ̀ ń dán. Àwọn kan bẹ Don pé kó dá àwọn tó dán sí. Bencosme kọ̀, ó sì tọ̀nà: èyí tó yè ló ń gbé àrùn kiri jù. Wọ́n sun òkú wọn nínú kòtò, wọ́n da ẹfun lé wọn, wọ́n dẹ pańpẹ́ fún eku, wọ́n sì fi oògùn sínú omi àwọn ilé yòókù. Ilé kìíní àti ìkẹta kò pàdánù ju ogún lọ. Ọwọ́ Mélida wú títí kò lè pa ìka dé mọ́. Don Ulises kò bá a sọ̀rọ̀, kò sì bẹ Dieusel, nígbà yẹn tàbí lẹ́yìn náà.

Bó ti parí iṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Friday, ó lọ sí yàrá Dieusel lẹ́yìn ilé oúnjẹ adìyẹ. Ó gbé àwo ẹ̀gẹ́ bíbọ̀ àti ẹyin dání. Dieusel jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ti fi pákó méjì di apá rẹ̀. Mélida bá a sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní òun jẹ̀bi, ó ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun náà, ó ní ẹ̀rù ló ba òun, pé kò sì tíì pẹ́ jù tí òun fi jẹ́wọ́.

Dieusel jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wo àwo náà, kò gbà á.

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni Don bi yín, Doña,” ó wí. Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan tó kù fún un fa ilẹ̀kùn dé.