Ọlọ Tí Jabez Garrod Kò Jẹ́ Kó Wó

Àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì wá ya fọ́tò ọlọ afẹ́fẹ́ wa tó wà lórí òkè ní abúlé Saxfield máa ń bi mí bóyá ìjọba ló dá a sí. Inú máa ń bí mi. Jabez Garrod ló dá a sí, ohun tó sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe owó.

Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ni Jabez ti ń bá wa lọ àlìkámà. Orí òpó kan ṣoṣo ni ilé ọlọ náà dúró sí, ilé pákó, tòun ti ìyá ọlọ àti ọmọ ọlọ nínú rẹ̀, àti àwọn apá gígùn níwájú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń yí. Dandan ni kó dojú kọ afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, ọlọ́lọ á fi èjìká ti igi gígùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ títí ojú rẹ̀ náà á fi yí. Bí ìjì bá gba ẹ̀yìn bá a, wíwó ló máa wó. Nítorí náà, ojú ọ̀run ni Jabez ń wò láràárọ̀ kó tó wo ojú ìyàwó rẹ̀.

Keziah ìyàwó rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gbàgbé.

"Jabez, ìyàálé mi ń pè ọ́ o," á ní, bí afẹ́fẹ́ bá ti yí. "Máa lọ bá a. Èmi tí mo se ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kí ni mo já mọ́?"

"Ìyàálé yẹn náà ló ń bọ́ ẹ," Jabez á dáhùn. "Bu tèmi pamọ́."

Èmi aládùúgbò wọn á máa rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn ọgbà.

Nígbà tó yá, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá Keziah dùbúlẹ̀. Dókítà ní kò ní pẹ́ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ ọkọ rẹ̀, ojú mi ló ṣe.

"Ikú ò bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n kú nígbà tó ò sí ńbí. Di ọwọ́ mi mú."

"Mo gbọ́. Mi ò ní kúrò."

Ó dá ọlọ dúró, ó jókòó ti ibùsùn. Tíì tí mo bá gbé fún un á tutù sí i lọ́wọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, ìlà oòrùn ṣú dúdú. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn dákẹ́ lójijì. Jabez gbórí sókè. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ìjì máa gbà bá ọlọ.

Mo ní, "Jókòó, Jabez. Jẹ́ kó wó."

Keziah lajú. "Tó bá wó, kí ni wàá jẹ lẹ́yìn mi? Lọ, kó o tètè dé."

Jabez wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó dì mú, ó fà á lé mi lọ́wọ́, ó sáré jáde.

Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ti ẹnì kan nínú ìjì. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń rí i tó ń ti igi, tó ń yọ̀ ṣubú nínú ẹrẹ̀, tó tún ń dìde. Keziah bi mí bóyá ó ti dé. Mo ní ó ń bọ̀. Ó tún bi mí. Díẹ̀díẹ̀ ni ọlọ náà yí, ó dojú kọ ìjì, kò wó. Nígbà tí Jabez fi máa wọlé, tí omi ń ro lára rẹ̀, mo ti pa ojú ìyàwó rẹ̀ dé. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Kò sunkún. Ó padà sórí òkè, ó gbé apá ọlọ sí ipò ọ̀fọ̀, kí apá òkè fì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bí àwọn ọlọ́lọ ti ń ṣe. Àwọn ará òdìkejì àfonífojì rí i, wọ́n sì mọ̀ kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó dún.

Lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun ńlá kó gbogbo oníbàárà lọ. Kò sẹ́ni tó gbé ọkà wá mọ́. Síbẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá ti yí, Jabez á gun òkè lọ ti ọlọ tí kò lọ nǹkan kan. Ó darúgbó, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, kò jáwọ́. Àwọn ará abúlé ní orí rẹ̀ ti dàrú. Lọ́jọ́ kan tí mo bá a nínú òjò, èmi náà bínú sí i.

"Jabez, fi nǹkan yìí sílẹ̀ kó wó. Ta ló tún ń wúlò fún?"

Kò fi igi sílẹ̀. "Tó bá wó, Ellen," ó ní, "kí ni mo wá torí ẹ̀ fi Keziah sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ju agboòrùn mi sílẹ̀, mo bá a ti igi náà.