Ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn inú Àpò Lẹ́tà

Lánàá, ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn kan já bọ́ sórí ìwé tí mò ń kà. Bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ ha ìwé náà, ẹ̀yìnkùlé wa ní Badagry ni ọkàn mi lọ.

Ìdí kùkùté àgbọn tó ti jẹrà ni mo lóṣòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mò ń wá ọ̀bọ̀ùnbọ̀ùn tó níwo. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń gbé òórùn ẹja yíyan wá. Ni bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba, bá yọ pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò tíì kúrò lókè orí. Kò bú mi pé mo kó erùpẹ̀ sáṣọ. Ó jókòó tì mí, ó fọwọ́ tú igi tó ti rà náà, ó sì fa akọ ńlá kan yọ, dúdú, ó ń dán.

"Bàámi, kí la máa fi í sí?"

Ó yọ àpò lẹ́tà kan látinú ẹ̀wù rẹ̀, ó mú ìwé inú rẹ̀ kúrò, ó sì na àpò náà sí mi. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìwé tí àwọn ológun fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ló ká mọ́wọ́ yẹn.

A gbé àpò náà sétí, à ń gbọ́ bí kòkòrò náà ṣe ń wá ọ̀nà àtijáde.

"Bàámi, ṣé ẹ máa wà nílé lọ́la náà, ká wá abo rẹ̀?"

"Màá wà nílé."

Inú mi dùn. Mo sáré lọ sọ fún màmá mi ní ilé ìdáná pé Bàámi máa wà nílé lọ́la. Ó rọra gbé orógùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.