Àdúrà Mi Létí Odò Ajégúnlẹ̀

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ìsìnkú Bísí ọmọ mi ni n kò lè gbàgbé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo èèyàn ń kọrin, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò ṣí, àdúrà kò wá. Mo rọra jáde lọ sétí odò, mo ki ẹsẹ̀ bọ omi. Atẹ́gùn ń ti ojú oró lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Ìjọ wá mi débẹ̀.

"Ìyá Bísí, ẹ sá fún ìsìn!"

"N ò sá. Ẹnu mi ló kọ̀."

"Ṣé ó ti wá ṣí níbí?"

"Rárá. Ẹ jókòó ná."

Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ohùn ara mi: "Olúwa, bá mi tọ́jú Bísí."

Ìbànújẹ́ náà kò lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni mo ti ń gbàdúrà.